Re: Re: "Ìkọlù àyíká" kọ́ o, ipa ni (ohùn àárín lórí méjèèjì)

> "Àwòrán sátẹ́láìtì ti mú kí àgbéyẹ̀wò ìkọlù àyíká tó ń bá ọ̀nà márosẹ̀ rìn rọrùn."

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ọ̀gá wa tó wà ní Ṣíkágò ló kọ gbólóhùn òkè yìí nínú àlàyé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ Àìkú. Àlàyé náà dán mọ́rán, n ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìkọlù àyíká? Ta ló kọlu ta?

Pé ì- bọ́ sára kọlù tó di ìkọlù, kò sẹ́ni tó ń bá wọn jà sí ìyẹn. Àpólà ni wàhálà wà. Tí ìròyìn bá ní "ìkọlù àwọn jàǹdùkú", jàǹdùkú ló lọ bá èèyàn jà. Bí a bá wá ní "ìkọlù àyíká", àyíká ló gbé kùmọ̀ tó ń lé títì kiri nìyẹn. Ọ̀gá lè ní ìtumọ̀ kejì ni àwọn ní lọ́kàn, pé àyíká ni wọ́n kọlù. Ó dáa, a jẹ́ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé kóòtù. Kí ló kù tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò mọ́?

Àpò Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì lo ọ̀rọ̀ kan náà, "impact", fún ọkọ̀ tó forí sọ ògiri àti fún ohun tí iṣẹ́ kan dá sílẹ̀. Tiwọn nìyẹn. Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀ rí.

Bàbá Olùkọ́ fèsì lọ́jọ́ kejì pé ìkọlù kọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi bí mo ṣe rí i pé "ipá" ni wọ́n kọ, ohùn òkè gbọnrangandan lórí á. Wọ́n tún fi kún un pé ẹni tí kò bá gbà kó lọ bi àwọn tó kọ́ wọn ní Yorùbá ní 1968. Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Ipá la fi ń gbé òkúta, ipá la fi ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ipa ni tibí, àárín, àárín. Ẹni tó bá sì ṣèèṣì fi ohùn ìsàlẹ̀ sí fáwẹ́lì àkọ́kọ́, ìpa ló kọ, ó ti pa àyíká ọ̀hún tán.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bàbá tó bí bàbá mi ṣọdẹ ní ìhà Ọ̀wọ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ rí ẹran, ipa ẹran ni wọ́n ń rí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo ewé tó tẹ̀, wọ́n á fi ìka kan etí ibi tí pátákò ti wọlẹ̀, wọ́n á ní "èyí ti di àná" tàbí "èyí ò tíì jìnnà". Ibẹ̀ ni a ti rí ipasẹ̀, ipa ọ̀nà àti tọpa. Ohun tí nǹkan fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó kọjá ni ipa. Ó lè jẹ́ rere, ó lè jẹ́ burúkú, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹnì kan kó ipa ribiribi láìsí pé ó kọlu ẹnikẹ́ni.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni mí, àwòrán sátẹ́láìtì ni mo fi ń jẹun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀, torí ó jọ pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé fọ́tò lásán ni. Ewé tútù a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, á wá ta èyí tó wà lẹ́yìn pupa padà, èyí tí ojú èèyàn ò lè rí. Sátẹ́láìtì ń rí i. A ó yọ ìwọ̀n pupa kúrò nínú ìwọ̀n kejì yìí, a ó fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù. Èsì rẹ̀ kò ní ju 1 lọ, kò sì ní lọ sílẹ̀ ju -1. Igbó kìjikìji á máa fà sún mọ́ 1, ilẹ̀ tí katapílà ti họ á já wálẹ̀ sí ìtòsí òdo. Gbé ti ọdún yìí lé orí ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí o yọ ọ̀kan nínú èkejì, ohun tó yàtọ̀ á yọ síta. Bí kì í bá ṣe ipa nìyẹn, kí ni?

Ẹ wá wo ìpínlẹ̀ Rondônia ní Bràsíìlì. Ní 1984 wọ́n parí dída ọ̀dà sí ọ̀nà BR-364 láti Cuiabá dé Porto Velho, owó Báńkì Àgbáyé wà nínú rẹ̀. Sátẹ́láìtì Landsat àkọ́kọ́, ti Amẹ́ríkà, ti gòkè láti July 1972, nítorí náà àwòrán ìgbà tí igbó ṣì kún wà nílẹ̀. Nínú àwọn tó tẹ̀lé e, ọ̀nà kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ọ̀nà ńlá, lọ́tùn-ún lósì, wọ́n tò gbọọrọ. Àgbẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé, agégẹdú wọlé, màlúù tẹ̀lé wọn. Eegun ẹja ni wọ́n ń pe àwòrán náà, ẹni tó bá rí i kò ní béèrè ìdí. Ní 2014, àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n káàkiri igbó Amazon ti Bràsíìlì: nǹkan bí 95 nínú 100 ibi tí wọ́n ti pa igbó run ló wà láàárín kìlómítà 5.5 sí ọ̀nà tàbí kìlómítà kan sí odò.

Kìlómítà 5.5! Ọ̀nà márosẹ̀ wo ló fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ibi tí títì ti kọlu igbó, bí a bá tiẹ̀ fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, kò ju ìbú títì lọ, ọjọ́ tí katapílà bá sì kúrò, ìkọlù ti parí. Èyí tó ń ràn lọ fún ogún ọdún lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kẹ́rù wọn lọ ni àgbéyẹ̀wò náà ń wá. Òfin tí wọ́n ṣe lórí irú àgbéyẹ̀wò yìí ní Nàìjíríà ní 1992 pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ní kí wọ́n wo èyí tó bá iṣẹ́ wá tààrà àti èyí tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, èyí tó yá àti èyí tó máa pẹ́. Ìkọlù kò lè ru ẹrù yẹn.

Bàbá Olùkọ́, ibi tí "ipá" yín ti tọ́ wà o, n ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mo kórìíra ohùn òkè. Ní 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ Cross River kéde pé àwọn gba ilẹ̀ kìlómítà 10 lápá ọ̀tún àti 10 lápá òsì ọ̀nà kan tí wọ́n fẹ́ là, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 260. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 5,200 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó ju gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Àwọn ará ìlú Ekuri níbẹ̀, tí wọ́n ti gba ẹ̀bùn Equator Prize ní 2004 nítorí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igbó wọn, kọ̀ jálẹ̀, ìjọba sì padà dín ilẹ̀ náà kù. Ìkéde yẹn, ipá ni. Ohun tí a bá rí nínú àwòrán igbó náà lẹ́yìn ìgbà náà, ipa ni. Ohùn kan ṣoṣo ló pín wọn níyà, ẹ sì fẹ́ ká pa á rẹ́.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé bí ipa bá jẹ́ ohun tí a fojú rí, ariwo ọkọ̀ tó lé ẹranko sá ńkọ́? Ẹ̀rọ̀fọ̀ tó gba kọ́fátì wọ odò lábẹ́ igi ńkọ́? Èsì mi ni pé ọdẹ náà kì í kọ́kọ́ rí ẹran, ṣé a ti gbàgbé? Sátẹ́láìtì á sọ pé ewé yí padà níbí, kò ní sọ ẹni tó ṣe é. Ó di dandan kí èèyàn wọ bàtà lọ síbẹ̀. Ní àsìkò òjò, ìkùukùu á tiẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, àfi ká yá ojú sátẹ́láìtì Sentinel-1, tó ń fi rédà wò ó kọjá.

Ìyá Ìbejì láti Peckham, ẹ ní ká pe sátẹ́láìtì ní "òṣùpá òfurufú". Òṣùpá kò burú, nítorí pé ó ń yí ayé po. Òfurufú ni mi ò lè gbà. Ibi tí ẹyẹ ń fò ni òfurufú, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Kìlómítà 705 ni Landsat wà sókè, ẹyẹ wo ló débẹ̀? Bí a bá ní ká lo sánmà dípò rẹ̀, ẹ ní kì í ṣe ti wa, pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá. Àlùbáríkà ńkọ́, ṣé ẹ ó dá a padà fún wọn? Ẹ jẹ́ kí sátẹ́láìtì máa jẹ́ sátẹ́láìtì. Àwọn tó ń tà á ní Aláàbà kò ní yí i padà nítorí wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí Ọ̀gá yọ ìkọlù kúrò kí àlàyé náà tó wọ inú àkójọ èdè-ìperí tí a fẹ́ tẹ̀, kí wọ́n fi "àgbéyẹ̀wò ipa lórí àyíká" rọ́pò rẹ̀. Kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má sì yọ àmì ohùn dànù bíi tèṣí.

Ní ti márosẹ̀, Ọ̀gá ní "má ro ẹsẹ̀" ni, Bàbá Olùkọ́ ní "má rọ ẹsẹ̀" ni, ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko fa ìyẹn. Èmi ò tíì gba ti ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹnu àwọn dẹ́rẹ́bà ní Òjótà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó pe é bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn.