Ṣùkù àgbàdo ò ní hóró: ṣé kí n dín iye tí mò ń gbìn kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀. Ọ̀dá ti wá ń dá láàárín àsìkò òjò, ìgbà tí àgbàdo ń tanná gan-an. Òdòdó orí rẹ̀ á ti gbọn lẹ́búlẹ́bú dànù tán kí irun tó yọ lára ọmọ, ṣùkù á wá ṣófo. Mo ti lo irúgbìn ọlọ́jọ́ 90, mo fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀, mo sì ń dí poro ní mítà 2 síra kí omi òjò má baà ṣàn lọ. Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò tó. Sẹ̀ǹtímítà 75 ni àlàfo mi láàárín ìlà sí ìlà, 25 láàárín ihò sí ihò, ẹyọ kan nínú ihò, bí igi àgbàdo 53,000 lórí hẹ́kítà kan. Ṣé kí n sọ 25 yẹn di 35, àbí kí n pín oko sí méjì, kí n gbin apá kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2?