Revit: fèrèsé tọ́ílẹ̀ẹ̀tì àti ilẹ̀ sítọ́ọ̀ ò hàn lórí plánù

Ayàwòrán_Iléṣà

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà níbí ní Iléṣà, torí náà sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn fi 1350 mm rẹlẹ̀ ju pálọ̀ lọ. Revit, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé, ni mo fi ń yà á. Nínú 3D, gbogbo ẹ̀ pé. Tí mo bá dé orí plánù, fèrèsé tọ́ílẹ̀ẹ̀tì (600 × 600, ìdí ẹ̀ wà ní 1500) á pòórá, ògiri á kàn lọ gbọọrọ bí ẹni pé kò sí ihò níbẹ̀. Ilẹ̀ sítọ́ọ̀ ò hàn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ iwájú tó wà ní -450 (450 mm nísàlẹ̀ ilẹ̀ pálọ̀) hàn kedere. Ògiri kúkúrú ti bàkónì (gíga 1350) náà ò kún bíi ti àwọn yòókù, ilà lásán ni. Mo ti wo VG (Visibility/Graphics), gbogbo ẹ̀ ló ní àmì. View Range tí mo fẹ́ yí ti wọ àwọ̀ eérú, kò gba títẹ̀.

Rúlà_àti_Pẹ́ńsù

VG ò mọ gíga. Irú nǹkan tó máa hàn ló ń bojú tó. View Range ló ń bojú tó ibi tí nǹkan ga dé tàbí rẹlẹ̀ dé.

Ẹ kọ́kọ́ tú ìdè: View Template (àkójọ ètò tí ọ̀pọ̀ plánù ń lò pọ̀) ló de View Range yẹn. Ẹ wá orúkọ template náà ní Properties, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yọ àmì Include kúrò níwájú View Range. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, gbogbo plánù tó ń lo template yẹn ló máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ṣe Duplicate ẹ̀ fún plánù yìí nìkan.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé: Revit ń fi ayùn rẹ́ ilé ní Cut plane, tó sábà máa ń jẹ́ 1200, á gbé òkè kúrò, á wá máa wo ìsàlẹ̀. Fèrèsé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1500, ayùn ò kàn án. Ẹ má torí ẹ̀ gbé Cut plane gbogbo plánù sí 1800 o. Ibi tí wọ́n ti gé àtẹ̀gùn á sún, ojú ihò tí wọ́n ń gbà gbé oúnjẹ láti kíṣìnnì sí pálọ̀, tí orí ẹ̀ ò bá ju 1500 lọ, á sì di ògiri.

Plan Region (apá kan lórí plánù tó ní View Range tiẹ̀) ni kẹ́ ẹ lò: View, Plan Views, Plan Region. Ẹ fi ilà yí ibi tí fèrèsé náà wà nìkan ká, ẹ ṣí View Range ti region yẹn ní Properties, ẹ kọ 1800 sí Cut plane. Orí fèrèsé wà ní 2100, ìdí ẹ̀ ní 1500, torí náà 1800 bọ́ sí àárín gan-an. Top (òkè View Range) lè dúró ní 2300.

Ifẹ̀_Draft

Kí n fi kún ti ọ̀gá. Ilẹ̀, àtẹ̀gùn àti rámpù ní àyè tiwọn: Revit ṣì ń rí wọn dé nǹkan bí 1220 mm nísàlẹ̀ Bottom (ìsàlẹ̀ View Range, tó wà ní 0 níbí). Ìdí nìyẹn tí -450 fi hàn tí -1350 ò hàn. 130 péré ló fi já a.

Ẹ ya Plan Region mìíràn yí sítọ́ọ̀ ká: Cut plane -150, Bottom -1350, View Depth (ibi tí plánù ń wò dé nísàlẹ̀) -1350. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn yí Bottom kó fi View Depth sílẹ̀ ní 0. Revit ò ní gbà, torí View Depth ò gbọdọ̀ ga ju Bottom lọ. Region méjì lè fara kan ara wọn létí, wọn ò gbọdọ̀ gun ara wọn.

Ti bàkónì, òfin Revit ni: ògiri tí orí ẹ̀ ò bá fi mítà 2 ga ju Bottom lọ, kì í gé e, kódà kí Cut plane gba àárín ẹ̀ kọjá. Ó kàn ń wò ó látòkè ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kún dandan, region ibẹ̀ lè gba Bottom àti View Depth -700. 1350 àti 700 ti ju mítà 2 lọ nìyẹn. Lójú tèmi, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Bíríkìlà tó bá rí i pé ó kún á rò pé ó dé abẹ́ dẹ́kìn.

Ayàwòrán_Iléṣà

Ẹ ṣé gan-an ni. Fèrèsé ti yọ, sítọ́ọ̀ náà ti yọ. Ilà gégèègé wá yí wọn ká báyìí, ṣé ó máa bá mi dé orí ìwé ni?

Rúlà_àti_Pẹ́ńsù

Ààlà region nìyẹn. VG, Annotation Categories, ẹ yọ àmì Plan Region. Ààlà nìkan ló máa lọ, iṣẹ́ ẹ̀ ò ní bàjẹ́. Tí nǹkan mìíràn bá tún sọnù lọ́la, ẹ tẹ RH (Reveal Hidden Elements, tó ń fi ohun tí wọ́n fi pamọ́ hàn) kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan View Range: tó bá yọ ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹnìkan ló fi í pamọ́, EU (Unhide Element) ló máa dá a padà. Tí kò bá yọ rárá, ẹ wá wo gíga ẹ̀, lẹ́yìn náà Phase Filter (ètò tó ń yan ìpele iṣẹ́ tó máa hàn).