Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì synthetic: mo ti pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rèé o. Ẹ rántí pé iléeṣẹ́ kan tó ń ta ọkọ̀ l'Ákùúrẹ́ ní kí n san ₦140,000 láti pààrọ̀ ọ́ìlì sí synthetic (ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àtọwọ́dá) nínú Corolla 2010 mi. Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n kọ iye ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ọ́ìlì àti fílítà kò tó ìdajì! Owó iṣẹ́ àti àyẹ̀wò tí n kò béèrè ló kó ìyókù. Ó dùn mí gan-an.

Mo ra ọ́ìlì 0W-20 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki sí) tó bá ìwé ọkọ̀ mu, agolo lítà 4 kan àti lítà 1, pẹ̀lú fílítà: ₦68,000. Mẹkáníìkì mi lójú ọ̀nà Ọ̀dà gba ₦5,000. Ìṣojú mi ló ti ṣí agolo náà. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ báyìí, láìpariwo.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n béèrè iye ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀rọ̀ mi ti parí.