Lẹ́tà méjì tí John Keats kọ sí Brown kó tó kú

Kí n tó wá sí London, wọ́ọ̀dù àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni mo ti ṣe nọ́ọ̀sì nílé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń lọ kì í sábà sọ ọ́ fún ìyàwó. Bí ìyàwó bá gbé oúnjẹ dé, á ní ara ti ń yá. Ọ̀rẹ́ ló máa ń sọ òótọ́ fún.

Bàbá kan wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń kọ ewì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè di báírò mú mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́." Mo fi ìbòmú bo imú, mo jókòó tì í. Ó ń sọ, mo ń kọ. Bí ikọ́ bá dé, a ó dúró. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kàwé nígbà èwe ló ń kọ ọ́ sí. Ó kọ́kọ́ béèrè oko, ó rán an létí owó kan tí wọ́n jọ ń dá, ó wá ní, "Kọ ọ́ pé n kò ní lè wá síbi ìnáwó ọdún tó ń bọ̀." Mo kọ ọ́. N kò bi í ní ìdí.

Ìgbà tí mo ka lẹ́tà John Keats, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ yìí yé mi sí i. Òun àti Charles Brown, ọ̀rẹ́ rẹ̀, jọ fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ Scotland lọ́dún 1818, wọ́n sì jọ gbé ilé kan ní Hampstead. Mo ti dé ilé náà. Ibẹ̀ ni Keats ti wúkọ́ lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1820, tí ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí Brown gbé àbẹ́là wá. Ó wò ó, ó ní òun mọ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, ikú òun ló dé yẹn. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ó ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Guy's Hospital, òun ló sì tọ́jú Tom àbúrò rẹ̀ títí ikọ́ yìí kan náà fi pa á.

Àwọn dókítà ní kó lọ sí Ítálì nítorí òtútù. Brown kò sí nílé nígbà tó ń lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á pé ọkọ̀ tó ń gbé Brown bọ̀ àti èyí tó ń gbé Keats lọ sùn nítòsí ara wọn ní Gravesend, èbúté kan lẹ́bàá London, lóru ọjọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Naples, wọ́n há wọn mọ́ inú ọkọ̀ fún ọjọ́ 10 nítorí ìbẹ̀rù àrùn. Ọjọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ ló pé ọmọ ọdún 25. Lọ́jọ́ kejì ló kọ̀wé sí Brown. Ó ní òun lè fara da ikú, àmọ́ òun kò lè fara da kí òun fi Fanny sílẹ̀. Fanny Brawne ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ní sílíìkì tí Fanny fi tẹ́ inú fìlà òun ń jó òun lórí, pé bí òun bá rí ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọkàn òun á fọ́. Kò ṣí lẹ́tà Fanny tó dé lẹ́yìn náà. Wọ́n sin lẹ́tà náà pọ̀ mọ́ ọn nígbà tó kú. Ẹni tó bá pe èyí ní ìkà kò tíì rí ọkùnrin tó kọjú sí ògiri nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́tà kejì, ní Róòmù, ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, ló máa ń ká mi lára jù. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé ayé òun gan-an ti kọjá, pé ìgbé ayé ẹ̀yìn ikú ni òun ń gbé. Síbẹ̀, ó ṣì ń rán Brown níṣẹ́: kó kọ̀wé sí George, àbúrò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó fi ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ sí àbúrò òun obìnrin. Ó parí rẹ̀ pé ó nira fún òun láti sọ pé ó dìgbóṣe, kódà nínú lẹ́tà, nítorí bí òun bá ń tẹrí ba láti dágbére, kì í gún. Dókítà rẹ̀ ń fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ẹja kékeré àti búrẹ́dì díẹ̀ ló sì ń fún un jẹ. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà nìyẹn, àmọ́ inú ń bí mi. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1821.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá aláìsàn kọ lẹ́tà rí, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí?