Ọ̀rọ̀ “ìwúsókè” yẹn: ẹ jẹ́ ká dá a padà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí a máa pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní inflation, ìyẹn bí owó ọjà ṣe ń lé sí i, ní “ìwúsókè ọrọ̀-ajé.” Wọ́n fi gbólóhùn kan ti àbá wọn lẹ́yìn: “Ìwúsókè ọrọ̀-ajé ti wálẹ̀ ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀ (CBN) ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè gbé e mì. Wú kẹ̀? Bùrẹ́dì ló ń wú. Ẹsẹ̀ ẹni tó ṣubú ló ń wú. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọrọ̀-ajé wú sókè yóò rò pé ajé ti bú rẹ́kẹ́ ni, yóò máa yọ̀. Òyìnbó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí ẹni fẹ́ táyà, ìyẹn sì yé e. Kí ló kàn wá nínú atẹ́gùn? Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Àwọn kan ti dáhùn pé “ọ̀wọ́ngógó” wà nílẹ̀, kí ni a tún ń wá kiri? Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Ẹ wo “gógó” yẹn dáadáa. Ó wọ́n, ó wọ́n gógó. Gógó ń sọ fún wa pé ó ti dé góńgó, pé ọwọ́ kò tó o mọ́. Báwo ni gógó ṣe fẹ́ jẹ́ 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó tún di 24.48? Gógó kì í ní ìdajì. Orílẹ̀-èdè tí owó ọjà rẹ̀ fi ìdá 2 péré nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dún, ṣé gógó náà ni tirẹ̀? Bí epo bá wọ́n tí a tò sí ilé epo láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ pe ìyẹn ní ọ̀wọ́ngógó, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Ìròyìn ni mò ń kà lédè Yorùbá lórí rédíò, èmi náà ni mo sì ń túmọ̀ ohun tí mò ń kà. Nínú oṣù Kejì ọdún 2025, mo kà á síta pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti já wálẹ̀ láti 34.80 sí 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún. N kò tíì jáde nínú yàrá ìròyìn tí obìnrin kan fi pè. Ó ní, “Ẹ̀yin ará rédíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe ọjà náà fún mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé ni, kóńgò gaàrí tí mo rà kò já wálẹ̀ o.”

Ẹnu mi wọhò. Obìnrin náà kò purọ́. Àṣìṣe wà nínú Yorùbá tí mo fi túmọ̀ ìròyìn náà, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká tún nǹkan méjì ṣe. Àkọ́kọ́, àjọ NBS, àjọ ìjọba tó ń kó ìṣirò orílẹ̀-èdè jọ, ló ń ṣírò inflation, kì í ṣe Báńkì Àpapọ̀ tí ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí. Báńkì Àpapọ̀ ló ń bá a jà: òfin ọdún 2007 tó ń darí báńkì náà fi í sí iwájú iṣẹ́ rẹ̀ pé kí owó ọjà má máa ṣe ségesège. Èkejì, NBS ti pààrọ̀ ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi owó ọjà wé, láti 2009 sí 2024 kí 24.48 tó jáde. Òṣùwọ̀n ti yí padà. Ta ló ń fi kóńgò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn gaàrí tí yóò sọ pé gaàrí ti dín?

Ká tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n kò yí. Ọjà tó jẹ́ ₦1,000 fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé, ó di ₦1,300. Lọ́dún kejì ó fi ìdá 20 lé, ó di ₦1,560. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdínkù nìyẹn, láti 30 sí 20. Obìnrin yẹn ńkọ́? Ó ti fi ₦260 kún owó rẹ̀. Ọjà kò wálẹ̀ rárá, eré tó ń sá gun òkè ni ó dẹ̀.

Ìyá mi àgbà ta èlùbọ́ títí ọjọ́ ogbó wọn dé, èmi ni mo máa ń di ẹnu àpò mú níwájú wọn. Bí nǹkan bá ti ń le, wọn kì í kọ́kọ́ fowó lé ọjà. Ẹ̀ní ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá dúró. Lẹ́yìn náà, orí kóńgò tó máa ń ga bí òkè, wọ́n á fọwọ́ gbá a pẹrẹsẹ. Bí oníbàárà bá fajú ro, wọ́n á ní, “Ọjà ń wọ́n sí i ni, ọmọ mi.”

Ẹ gbọ́ ọ: ọjà ń wọ́n *sí i*. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá nìyẹn. *Ìwọ́nsí* ni mo dábàá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jà pé “sí i” ni, kì í ṣe “sí”, kí ó kọ́kọ́ bá “ìbísí” jà, kí ó bá “ìpọ̀sí” jà, kí ó tó kàn mí. Ọ̀wọ́n ni ipò tí ọjà wà, ìwọ́nsí ni ìrìn tó ń rìn. Bí mo bá sọ lórí rédíò pé ìwọ́nsí ti dín ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ṣì wà, obìnrin yẹn kò ní pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, àmì ohùn o! Ẹnìkan ti dà á kọ fún mi ní “ìwọ̀nsí.” Ìwọ̀n ni ti kóńgò àti òṣùwọ̀n. Bí a bá ju ohùn òkè yẹn nù, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ti “ilé ìfowópamọ́ àárín-gbùngbùn” tí ẹlòmíràn fẹ́ fi rọ́pò orúkọ Báńkì Àpapọ̀, n kò gbà. Ta ni nínú wa ló fowó pamọ́ síbẹ̀ rí? Àpapọ̀ bá ìjọba àpapọ̀ mu, báńkì sì ti di Yorùbá tipẹ́. Iye owó wà lédè wa lára bébà náírà tí wọ́n ń tẹ̀, ó yẹ kí àlàyé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá ti Báńkì Àpapọ̀, tó ń pinnu èlé orí owó yíyá, náà wà lédè wa. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fi kún èlé yẹn lọ́dún 2024 kí ìwọ́nsí lè dín, láti 18.75 dé 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, àwa sì ń jiyàn lórí wú.

Èlé ni mo kọ o, ẹ má bá mi yí i sí “èrè” bí ẹnìkan ti ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó lé lórí owó tí a yá ni èlé. Ọlọ́jà ló ń jèrè.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń retí yín. Ẹ fi bùrẹ́dì sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí “gógó.”