Ṣé orúkọ mi tó kọ sísàlẹ̀ ti tó?

Alábẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni mo máa ń kọ sórí ìkànnì mi, pẹ̀lú fọ́tò tí mo fọwọ́ ara mi yà. Ẹnì kan kó odindi àpilẹ̀kọ kan lọ sí ìkànnì tiẹ̀, kò yọ gbólóhùn kan. Àtàǹpàkò mi tí mo fi báńdéèjì wé lọ́jọ́ náà ṣì ń yọjú nínú fọ́tò! Mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní ṣebí òun kọ orúkọ mi sísàlẹ̀, pé ó yẹ kí n dúpẹ́ ni, torí òun ń polówó mi. Ṣé ó ti tó bẹ́ẹ̀?

Ayàwòrán:
Ìpolówó wo? Ẹni tó bá ti kà á tán lọ́dọ̀ tiẹ̀, kí ló tún fẹ́ wá wá lọ́dọ̀ yín? Àwíjàre yẹn máa ń bí mi nínú. Àwọn tó ń kó fọ́tò mi náà ló ń sọ ọ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń kọ "orísun: Google", bíi pé Google ló gbé kámẹ́rà. Orúkọ kíkọ ò dípò àṣẹ. Lábẹ́ àdéhùn Berne, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, tó ti wà láti 1886, iṣẹ́ yín ti di tiyín látìgbà tí ẹ ti kọ ọ́, kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó fa ìlà méjì mẹ́ta yọ, kó fi línkì sí i, ìyẹn ò burú. Àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ti fún gbogbo ayé láṣẹ, bíi ti Creative Commons, ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ téèyàn lè fi sára iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ CC BY lẹ fi sí i, èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni lò ó bó bá ṣáà ti dárúkọ yín, ẹ ò lẹ́jọ́ lórí ìyẹn.

Òǹwòye:
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó lè kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín, kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Ayàwòrán:
Mo fara mọ́ ọn. Kó tú ẹ̀rọ tiẹ̀, kó ya àtàǹpàkò tiẹ̀. Alábẹ́rẹ́, ẹ bá mi wo àdírẹ́sì fọ́tò tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá ìkànnì yín ló ń tọ́ka sí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, dátà yín làwọn òǹkàwé rẹ̀ ń jẹ. Ẹ yí orúkọ fáìlì padà lọ́dọ̀ yín, tiẹ̀ á ṣófo. Kí ẹ wá kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó gba ìkànnì rẹ̀ sílé. Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, DMCA, òfin wọn ti 1998 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á mú kí wọ́n tètè yọ ọ́, torí bí wọ́n bá gbọ́ tí wọn ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀bi lè kàn wọ́n.

Alábẹ́rẹ́:
Háà! Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo fọ́tò yẹn ti ń wá lóòótọ́. Mo ti ya ojú ìwé rẹ̀ pamọ́ kí n tó yí orúkọ wọn padà. Ó ku lẹ́tà.