Etí mi ń hó, ṣé àyẹ̀wò etí á yọrí?

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ọdún 19 nìyí tí mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn ìyá onígààrí. Láti bí ọdún méjì ni etí mi ti ń hó, ti òsì ju ti ọ̀tún lọ. Bí ìrẹ̀ tó ń ké ló rí. Lọ́sàn-án, n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Àmọ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ lóru, tí fáànù dúró, ó di kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa wo òkùnkùn.

Dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò etí ní Ṣágámù. Wọ́n ní wọ́n á fi nǹkan bò mí létí, wọ́n á máa gbé ìró tín-ín-rín kan jáde, tí mo bá ti gbọ́ ọ kí n tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró tín-ín-rín wo ni màá gbọ́ tí ìrẹ̀ ò ní ké bò mọ́lẹ̀? Tí mo bá wá lọ tẹ bọ́tìnì fún ìrẹ̀ ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mi ò fẹ́ sanwó àyẹ̀wò kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàájà Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá mi. Ẹ fi àdí lílọ́wọ́ọ́rọ́ gbìyànjú ná, ẹ̀kán méjì lálaalẹ́. Òun ni ìyá ìyá mi ń lò.

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru:
Àlàájà, ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má kán nǹkan kan sí i. Òróró ni mo kán sí tèmi, mo tún ki igi onówùú bọ̀ ọ́, ni ìdọ̀tí bá wọlé lọ. Nígbà tí mo débi àyẹ̀wò, iná ni wọ́n kọ́kọ́ tàn sí mi létí, wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ ìdọ̀tí ná. Owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ owó!

Bọ̀dá, ohun tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an ló ba èmi náà lẹ́rù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti sọ pé etí yín ń hó. Èmi sọ ọ́, arábìnrin tó ń ṣe é sì yí ìró ẹ̀rọ padà: dípò kó máa dún gbọọrọ, ó ń dún pí, pí, pí. Ìrẹ̀ tèmi kì í sinmi, kì í ké pí, pí, pí. Ohun tí mo fi dá wọn mọ̀ nìyẹn. Ìgbà tí ìró ẹ̀rọ wá bá tinú etí mi dọ́gba gẹ́lẹ́ ni wàhálà dé. Mo ṣì í tẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kò bínú, ó kàn tún un ṣe.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:
Òótọ́ ni. Wọn kì í gba ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan gbọ́. Wọ́n á rọ ìró náà sílẹ̀, wọ́n á tún gbé e sókè, ibi tí ẹ bá ti dáhùn léraléra ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Láti ìró 250 Hz tó rinlẹ̀ dé 8000 Hz tó ń han gooro ni wọ́n ń wò, etí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀; Hz yẹn ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe rinlẹ̀ tàbí bó ṣe han gooro tó. Ariwo ẹ̀rọ sábà máa ń kọ́kọ́ ba àgbègbè 4000 Hz jẹ́, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí ohun tí wọ́n ń sọ kò sì yé e.

Ẹ pa ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ yẹn láti ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò. Bó bá sì bọ́ sí ìgbà Ojúde Ọba, ẹ jìnnà síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò, pàápàá abẹ́rẹ́ gentamicin àti kuníìnì, torí wọ́n lè ṣàkóbá fún etí. Ẹ má gbàgbé láti sọ pé ti òsì le ju ti ọ̀tún, nítorí dókítà á fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Tí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò o, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.

Ẹlẹ́rọ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣé gan-an. Kí n pa ẹ̀rọ lódindi ọjọ́ kan? Àwọn ìyá onígààrí á gbé mi jẹ. Àlàájà, àdí yín, ẹsẹ̀ ni màá fi pa. Ìyá Ìbejì, ṣé híhó tiyín ti wá lọ?

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru:
Kò lọ. Rédíò kékeré kan ló ń bá mi sùn báyìí, mo máa ń yí i sílẹ̀ pátápátá. Bàbá Ìbejì ti gbà fún mi.